Orin ewúrẹ́ ìyá Àjọkẹ́: ṣé ẹnu ìyá àgbà ló ti jáde, àbí inú ìwé?

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Aránṣọ ni mí, Òkè-Àdó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Mi ò kàwé jìnnà, torí náà bí ìbéèrè mi bá rí bákan, ẹ ṣàánú mi. Ọ̀rọ̀ orin kan ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ìyá tó bí ìyá mi, Òjé ni agboolé wọn wà, kò jìnnà sí ibi tí àwọn oníṣòwò aṣọ òfì ti máa ń tẹ́ ọjà. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti máa ń lo ọlidé nígbà tí mo wà ní kékeré. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo máa ń bá wọn nídìí ọlọ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, wọn á máa lọ ata, wọn á sì máa kọrin kan. Ọlọ gan-an ló ń gbè é. Ọmọ ọlọ á lọ síwájú, á bọ̀ sẹ́yìn, orin á máa tẹ̀ lé e. Bó ṣe lọ rèé:

*Ewúrẹ́ ìyá Àjọkẹ́,*
*ọ̀kẹ́ kan ló rà á.*
*Ó jẹ gààrí, ó jẹ ẹ̀lùbọ́,*
*ó tún wá jẹ ata mi.*
*Ẹ bá mi so ó o,*
*ẹ bá mi so ó mọ́lẹ̀.*

Bí wọ́n bá ti dé "mọ́lẹ̀" yẹn, wọn á fi ọmọ ọlọ lu ọlọ gbì! Omi ata á ta sójú àwa tí a jókòó tì wọ́n, a ó máa sunkún, a ó tún máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ti fi orin yìí rẹ àwọn ìbejì mi títí wọ́n fi dàgbà.

Ìyá àgbà ò fẹsẹ̀ kan ilé ìwé rí o. Ìka ni wọ́n ń tẹ̀ títí wọ́n fi lọ.

Wàyí o, oṣù tó kọjá la ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè tú àpótí páànù tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ìwé ilé ìwé kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, tó ti gbó, tí ìkán ti jẹ létí. Èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya lọ, ojú ewé mẹ́jọ àkọ́kọ́ ò sí níbẹ̀, a ò mọ ẹni tó kọ ọ́, a ò mọ ọdún rẹ̀. Mo ṣí i báyìí, ohun tí mo rí rèé, bó ṣe wà nínú rẹ̀ náà ni mo ṣe dà á kọ:

*Ewurẹ iya Ajayi,*
*Ṣile marun l'o ra a.*
*O jẹ gari, o jẹ ẹlubọ,*
*O tun jẹ iwe Ajayi.*
*Ẹ ba mi so o o,*
*Ẹ ba mi so o mọlẹ.*

Orí mi wú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n yé da ara mi láàmú, pé ohun tó bá ti wà nínú ìwé, òun ni ojúlówó, pé ìyá àgbà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan ni, wọ́n wá ṣì í kọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo ní ìwé ló gbà á lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa irú nǹkan báyìí, èwo ló bí èkejì? Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Bàbá Atolẹ́tà:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé kan ní apá Mọ́kọ́lá. Ọwọ́ la fi ń to ó nígbà náà, lẹ́tà òjé, ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ Yorùbá inú ìwé yẹn, ẹ wá sọ fún mi. Ṣé "aiye" ni àbí "ayé"? Ṣé "enia" ni àbí "ènìyàn"? "Nwọn" àbí "wọ́n"? Bó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ ni, a jẹ́ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 tó dé, tàbí kó jẹ́ pé ọ̀gá tó kọ ọ́ ò fẹ́ gbọ́ ti àkọtọ́ tuntun. Irú wọn pọ̀. Ṣílè tún wà níbẹ̀, náírà sì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973.

Àmì ohùn ńkọ́? Mo rí i pé ẹ dà á kọ láìsí àmì. Kò yà mí lẹ́nu. Lẹ́tà tó ní àmì lórí máa ń wọ́n nínú àpótí lẹ́tà wa. "Ẹ" àti "ọ" tó ní kíkan nísàlẹ̀ wà, ṣùgbọ́n èyí tó ní kíkan nísàlẹ̀ tó tún ní àmì lórí, bóyá mẹ́wàá péré lo máa rí. Tó bá tán lójú ewé kejì, ká máa bá a lọ láìsí àmì ni.

Ohun kan tún wà tí mo fi ojú ara mi rí. Tíṣà kan gbé ìwé àfọwọ́kọ wá, ìtàn àti orin ló wà nínú rẹ̀, ó ní ẹnu ìyá òun lòun ti kọ wọ́n. Ọ̀gá tó ń yẹ ìwé wò mú gègé pupa, gbogbo ibi tí wọ́n bá ti kọ "ẹgbàá", ó fagi lé e, ó kọ "sísì". Ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé ò mọ ẹgbàá mọ́. Èmi ni mo to ó. Nígbà tí ìwé jáde, sísì ló wà níbẹ̀, bí ẹni pé sísì ni ìyá tíṣà wí.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wò ó. "Aiye" ni, "enia" ni, "nwọn" ló kún inú rẹ̀. Mo ka àmì orí lẹ́tà, mẹ́rìnlá péré ni mo rí nínú gbogbo ìwé, kò sì sí ọ̀kankan lórí orin yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbọ̀wọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni mo wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, orin ìbílẹ̀ ni mo ń kọ iṣẹ́ mi lé lórí. Mo dìbò fún ìyá àgbà. Ẹ wo ìlà kìíní àti ìkejì mà: Àjọkẹ́, ọ̀kẹ́. Ẹnu tó mọ ọ̀rọ̀ dá ló so ìyẹn pọ̀. Nínú ti ìwé, kí ló kan Àjàyí kan ṣílè? Ẹ̀ẹ̀kejì, 20,000 owó ẹyọ ni ọ̀kẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ ayé owó ẹyọ nìyẹn. Ẹgbàá kan, tí í ṣe 2,000, ni wọ́n ń pè ní sísì nígbà tí owó òyìnbó dé, ẹgbàá mẹ́wàá ló sì wà nínú ọ̀kẹ́, torí náà ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún géérégé. Iye owó ewúrẹ́ ò yí padà, orúkọ owó ló yí padà. Ohun tí Bàbá sọ nípa gègé pupa yẹn gan-an ló ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe òní ni ìwé ti ń gba orin lẹ́nu èèyàn mà. E. M. Lijadu tẹ orin Aribiloṣo, akéwì Ẹ̀gbá, sínú ìwé kékeré kan ní 1886. Níhìn-ín n'Ìbàdàn, Dẹ́nrelé Ọbasá, tó ń tẹ ìwé ìròyìn *The Yoruba News* jáde láti 1924, fi ọ̀pọ̀ ọdún gba òwe, oríkì àti ewì sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Ó tẹ *Ìwé Kínní ti Àwọn Akéwì* ní 1927, ìkejì ní 1934, ìkẹta ní 1945. Ibi tó ti wá sòro ni pé kò fi wọ́n sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ wọn. Á kó ìlà láti ibí, á kó láti ọ̀hún, á tò wọ́n sábẹ́ àkọlé kan, á fi tirẹ̀ kún un. Ẹ ò lè fìka hàn pé ibí ni ti àwọn àgbà parí sí, ibí ni ti Ọbasá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé tún lè fún wa ní ọjọ́. Láàárín 1929 sí 1930, I. B. Thomas ń gbé ìtàn Ṣẹ̀gilọlá jáde nínú *Akéde Èkó* lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ẹni pé obìnrin náà ló ń kọ lẹ́tà. Orin tó ń lọ nígboro kún inú lẹ́tà náà. Kò sọ ẹni tó dá wọn sílẹ̀ fún wa, ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ó kéré tán, wọ́n ti wà lẹ́nu ará Èkó nígbà yẹn. Ohun tí ìwé lè ṣe nìyẹn: ó lè sọ ìgbà tí orin ti wà, kò lè sọ ìgbà tí wọ́n bí i.

Ó tún máa ń yíjú sódì mà. "Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́" tí gbogbo wa ń kà, ẹ bi ìyá yín, wọn á ní ewì àtijọ́ ni. Inú *Aláwìíyé* J. F. Ọdúnjọ ló ti wá. Ẹnu ti gbà á lọ́wọ́ ìwé, ó ti gbàgbé ẹni tó ni ín.

Bí àyè bá wà, ẹ gbé ìwé yẹn wá sí Kenneth Dike Library mà, tàbí sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà wa, ká fi wé àwọn ìwé ilé ìwé tó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé odindi rẹ̀ wà lórí pákó.

Bàbá Atolẹ́tà:

Ọmọ mi, o gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀kẹ́ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni mí ní 1969 nígbà tí àwọn Àgbẹ́kọ̀yà dìde lórí owó orí. Kí ni wọ́n ń pariwo? "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san!" Ọgbọ̀n ṣílè ni wọ́n ń wí. Ní 1969 o! Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́ nígbà náà, àwọn ọmọdé ló ń fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Àkànrán àti ìyá olóńjẹ ní Ọjàa'ba ṣì ń ka ṣílè ní ọ̀kẹ́. Nítorí náà, kí o rí "ọ̀kẹ́" nínú orin, kò tó láti fi sọ pé orin ti dàgbà. Ohun tó fi hàn ò ju pé ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ ẹni tó ń ka owó bẹ́ẹ̀.

Mi ò sọ pé ìyá àgbà ò ni orin wọn o. Mo ní ẹ̀rí tí o gbé kalẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ ni.

Ọmọ Òkèbàdàn:

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ kú àròyé. Ẹ̀ ń wá orin nínú ìwé. Orin Òkèbàdàn wà nínú ìwé yín? Lọ́jọ́ Òkèbàdàn, tó jẹ́ pé láyé àwọn bàbá wa a kì í dáná, ọmọ kékeré á dúró níwájú bàbá arúgbó, á fi orin to gbogbo ohun tó wà lábẹ́ ṣòkòtò bàbá, bàbá á rẹ́rìn-ín, á tún gberin. Tíṣà wo ló máa tẹ ìyẹn? Àlùfáà wo? Èyí tó wà nínú ìwé ni èyí tó ti wẹ̀, tó ti wọ bàtà, tó ti kí wọn káàárọ̀. Àwọn yòókù wà nígboro, wọn ò níwèé, wọn ò sì kú.

Bojúbojú tí gbogbo yín ṣe ní kékeré ńkọ́? "Olórò ń bọ̀." Ẹ rò pé eré ni? Orò gidi ni wọ́n ń wí, tí obìnrin gbọ́dọ̀ wọlé tí kò gbọdọ̀ yọjú. Ọmọdé ń fi ṣeré, kò mọ ohun tó ń pè.

Ẹ wá gbọ́ èyí. "Ìbàdàn ọmọ a-jòro-sùn, ọmọ a-jẹ-ìgbín-yó-fi-ìkarahun-fọ́rí-mu." Kí n tó mọ A ni mo ti mọ̀ ọ́n kì. Ìtàn Lágelú àti àwọn èèyàn rẹ̀ ni, nígbà tí ogun tú wọn ká, tí wọ́n sá gun òkè, tí ebi mú wọn títí tó fi jẹ́ pé èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ, ìkarahun ni wọ́n fi ń po ẹ̀kọ mu. Tíṣà wa ní inú *Ìwé Ìtàn Ìbàdàn* tí I. B. Akínyẹlé tẹ̀ ní 1911 ni ká lọ kà nípa Lágelú. Ó dáa. Ta ló wá sọ fún Akínyẹlé? Kò kúkú bá wọn jẹ ìgbín.

Atẹdùùrù:

Ẹ má jà o. Ọ̀nà kan wà. Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ohùn orin náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan.

Dùùrù ni mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Yorùbá ò ṣeé kọ bó bá ṣe wu ni, ohùn orin gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìsìn fún wa fi ohùn òyìnbó sí i, ni ọ̀rọ̀ bá ń lọ sókè tí ohùn ń já wálẹ̀. Títí di òní, orin kan wà tí a máa ń kọ lọ́jọ́ Àìkú tí mo máa ń di etí mi tí a bá dé ẹsẹ kẹta rẹ̀. T. K. E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní Káńtídírà ti Èkó, tẹ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953. Kí ó tó dé ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, ti ń gba ọ̀nà mìíràn: ohùn tí àwọn èèyàn ti ń kọ lójúde ló mú, ó fi ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ sí i. Ní 1922 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ wọ́n sínú àwo fún Zonophone. Ẹni tó ń wá ohùn orin àtijọ́ tí kò sí nínú ìwé kankan, ọ̀pọ̀ rẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ orin ìsìn níbẹ̀.

Ẹ padà sí ewúrẹ́ wa. "Ọ̀kẹ́ kan" jẹ́ dò-mí-re. "Ṣílè márùn-ún" jẹ́ mí-dò-mí-dò-mí. Ohùn méjì tó yàtọ̀ pátápátá ni. Bí ohùn tí ìyá àgbà ń kọ bá jẹ́ dò-mí-re níbẹ̀, tó sì jẹ́ pé ohùn yẹn kan náà ni wọ́n fi ń kọ ti ìwé, a jẹ́ pé ọ̀kẹ́ ló ni ilé, àlejò ni ṣílè. Ṣé màmá yín ṣì wà láyé? Ẹ lọ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù. Kí ẹ rí i pé wọ́n kọ méjèèjì, tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó:

Ẹ̀yin ará, mo ti dé o. Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́, torí èmi fúnra mi ò tí ì jáde nínú rẹ̀.

Sátidé ni mo lọ sí Òjé. Mo bá màmá mi lórí ẹní lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí. Mo gbé fóònù sórí odó tí wọ́n ti dojú rẹ̀ dé, mo ní, "Màmá, orin ewúrẹ́ ìyá Àjọkẹ́ tí ìyá àgbà máa ń kọ nídìí ọlọ, ta ló kọ́ wọn?"

Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè. Wọ́n ní, "Èmi ni."

Mo ní, "Ẹ̀yin kẹ̀?"

Wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́ ìyá mi. Tíṣà ló kọ́ wa."

Ẹ̀gúsí tí mo mú lọ́wọ́ já bọ́. 1955 ni wọ́n wọ ilé ìwé, ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ní kí àwọn fi ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá, kí àwọn fi kan etí òsì, ọwọ́ wọn ò kàn án tán, bàbá wọn ló bá wọn tẹ orí wálẹ̀ díẹ̀ tí tíṣà ò rí i. Ní ọdún kejì ni tíṣà kọ́ wọn ní orin ewúrẹ́ ìyá Àjàyí. Wọ́n délé, wọ́n ń kọ ọ́. Ìyá àgbà wà nídìí ọlọ.

Ìyá àgbà ní, "Ta ni Àjàyí?"

Màmá ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, inú ìwé ló wà.

Ìyá àgbà ní, "Ewúrẹ́ kan ṣoṣo tó ń dá mi lóró ní agboolé yìí, ti ìyá Àjọkẹ́ ni. Ìwé wo ló sì wà nílé yìí tí ewúrẹ́ fẹ́ jẹ? Ata mi ló jẹ lánàá." Ibẹ̀ ni wọ́n ti yí i padà, lójú ẹsẹ̀, lórí ọlọ.

Mo béèrè ọ̀rọ̀ ṣílè. Màmá ní ìyá àgbà ò ka owó ní ṣílè rí láyé wọn. Tí ẹ bá ní ṣílè márùn-ún, wọn á dákẹ́ díẹ̀, wọn á ká ìka wọn kò, wọn á ní, "Ọ̀kẹ́ kan nìyẹn." Ọ̀rọ̀ tíṣà yẹn tún ń sáré jù, kò bá ọlọ mu. Màmá ju ẹ̀gúsí sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì ṣe é lórí ẹní fún mi. "Ọ̀-kẹ́-kan": ọwọ́ lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan, ó bọ̀. Wọ́n ṣe "ṣí-lè-má-rùn-ún": ọwọ́ wọn ń já kátikàti, wọ́n ní, "Ṣé o rí i? Ata ò ní í kúnná."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń yọ̀ lórí fóònù pé òun wí bẹ́ẹ̀. Mo ní kó dúró ná. Mo bi màmá bóyá ewúrẹ́ ń jẹ́ ṣílè márùn-ún nígbà tí wọ́n wà ní kíláàsì yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ṣílè márùn-ún? Ewúrẹ́ tí ò lẹ́sẹ̀ ni?" Wọ́n ní ohun tó ń pa gbogbo kíláàsì lẹ́rìn-ín gan-an nìyẹn.

Atẹdùùrù, mo ti fi ohùn náà ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má bínú sí jẹnẹrétọ̀ tó ń dún lẹ́yìn rẹ̀.

Atẹdùùrù:

Mo gbọ́ ọ, ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí màmá. Ọgbọ́n mi pin síbẹ̀. Ní "ọ̀kẹ́ kan", dò-mí-re ni wọ́n kọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti kọ ti tíṣà, mí-dò-mí-dò-mí ni, kò ṣẹ́ ohùn rárá. Orin méjèèjì gún. Ẹni tó yí ọ̀rọ̀ padà yí ohùn padà pẹ̀lú rẹ̀, bóyá ìyá àgbà ni, bóyá ẹlòmíì ṣáájú wọn. Mo tún kíyè sí nǹkan kan: ìlà karùn-ún àti ìkẹfà, "ẹ bá mi so ó", ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ rárá nínú méjèèjì, ó sì dà bí ohùn ègbè inú àlọ́, kò jọ orin ilé ìwé. Ibẹ̀ lèmi á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Bàbá Atolẹ́tà:

Ọ̀rọ̀ owó ewúrẹ́ yẹn ló mú mi dìde jókòó. Bó bá jẹ́ pé ní ayé màmá yín, ẹ̀rín ni ṣílè márùn-ún jẹ́, a jẹ́ pé ẹni tó kọ ìwé ò wo ọjà ayé rẹ̀ kó tó kọ ọ́. Ó gbà á lẹ́nu ẹni tó ti wà nígbà tí ewúrẹ́ ń jẹ́ iye yẹn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí lẹ rò pé ó máa pè é? Mo lè máa rí gègé pupa yẹn báyìí. Ó lè jẹ́ pé "ọ̀kẹ́" ló wà níbẹ̀ látilẹ̀, tí ọ̀gá kan fagi lé e, tí ìyá àgbà wá dá a padà sípò láìmọ̀. Mi ò lè búra o. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n yín kó má tí ì jó.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgbọ̀wọ́:

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo ti fi Àjọkẹ́ àti ọ̀kẹ́ ṣe ẹ̀rí pé orin dàgbà, àṣé aládùúgbò ni wọ́n ń bú. Màmá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n wá sí Òjé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo fẹ́ béèrè lọ́wọ́ màmá bóyá ẹnì kankan nínú agboolé mọ orin ewúrẹ́ kí wọ́n tó mú un dé láti ilé ìwé. Màá ra ẹ̀gúsí dání.

Ọmọ Òkèbàdàn:

Ìbéèrè tèmi kúrú. Ìyá Àjọkẹ́ ńkọ́? Wọ́n ń fi ewúrẹ́ rẹ̀ kọrin lójú rẹ̀ lálaalẹ́, ó sì dákẹ́? Ọmọ Ìbàdàn kọ́ nìyẹn.

Ìyá Ìbejì Òkè-Àdó:

Ó tán! Mo tún pe màmá nítorí ìbéèrè yín yìí. Wọ́n ní kò dákẹ́ o. Ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ kọjú sí ti ìyá àgbà, ó ń dín àkàrà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì tí ìyá àgbà lu ọlọ gbì, ohùn tirẹ̀ dáhùn láti òdìkejì, orí ohùn orin kan náà:

*Ata rẹ ò ní ìdérí,*
*ewúrẹ́ mi ò mọ̀wé.*

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí wọn ò lè lọ ata mọ́. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń kọ ọ́, ọ̀kan nídìí ọlọ, ọ̀kan nídìí iná àkàrà.

Mo ti fi bírò kọ ọ́ sábẹ́ orin náà nínú ìwé bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní mo ti ba ìwé jẹ́.